Lésà Lè Lé Ẹyẹ, Ṣùgbọ́n Kò Lè Kó Ààtàn

Yorùbá ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì sí bàálù nígbà tí àwọn baba wa pa òwe yẹn. Ní Boston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1960, agbo ẹyẹ kéékèèké kan wọ ẹ́ńjìnnì bàálù bó ṣe ń gbéra nílẹ̀. Ènìyàn 62 ló kú nínú 72. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2009, ẹyẹ ba ẹ́ńjìnnì méjèèjì bàálù mìíràn jẹ́ ní New York, awakọ̀ sì gbé e bà sórí odò Hudson. Gbogbo ènìyàn 155 tó wà nínú rẹ̀ ló yè.

Sangisa ní Ketu ni mò ń gbé. Ojoojúmọ́ là ń rí àwòdì tó ń rábàbà lókè níhà ààtàn Olúsosùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ẹ̀kọ́ yìí: ṣé ìmọ́lẹ̀ lésà, tí àwọn pápákọ̀ òfuurufú kan nílẹ̀ òkèèrè fi ń lé ẹyẹ, lè gbà wá l'Ékòó?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì máa ń fọ́n ká. Ti lésà kì í fọ́n ká, ṣe ló ń lọ gbọọrọ bí okùn tí a fà le. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń lò, torí ojú ẹyẹ tètè ń rí i. Òṣìṣẹ́ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá gbà, á na ìmọ́lẹ̀ náà sórí koríko, á sì rọra máa wọ́ ọ lọ síbi tí ẹyẹ wà. Lójú ẹyẹ, ó dà bí ọ̀pá gígùn tó ń bọ̀ wá gbá a, ló bá fò lọ. Kò sí ariwo bíi ti ìbọn, ẹyẹ kankan kò sì kú.

Òfin kan wà níbẹ̀: ilẹ̀ ni kí ìmọ́lẹ̀ náà máa kọjú sí. Bí ó bá kọjú sókè, ó lè ṣú awakọ̀ bàálù lójú, a ó sì ti sá fún ewu kan bọ́ sínú òmíràn.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní ọdún 2002, Blackwell, Bernhardt àti Dolbeer tẹ àbájáde ìdánwò wọn jáde ní Amẹ́ríkà. Lésà pupa ni wọ́n lò. Canada goose, tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn, sá gan-an. Ẹyẹlé yà fún un fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì kà á sí mọ́. Ẹyẹ starling, irú èyí tó já bàálù Boston lulẹ̀, kò tilẹ̀ mira.

Ìkejì ni oòrùn. Àfẹ̀mọ́júmọ́, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni lésà ń hàn dáadáa. Bí oòrùn bá ti mú, ìmọ́lẹ̀ náà á ṣá.

Ẹ wá fi èyí wo Èkó. Lékeléke máa ń kóra jọ sórí igi nírọ̀lẹ́ láti sùn, lésà lè lé wọn kúrò níbẹ̀. Àwòdì ńkọ́? Ó máa ń dúró kí ilẹ̀ gbóná, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ru sókè, kí ó lè gùn ún láìju apá. Ọ̀sán gangan nìyẹn, ìgbà tí lésà kò lágbára. Òkè ni ẹyẹ náà sì wà, ibi tí a kò gbọ́dọ̀ na lésà sí.

Oúnjẹ ló ń pè wọ́n

Àjọ ICAO, tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú lágbàáyé, dámọ̀ràn pé kí ààtàn ńlá jìnnà sí pápákọ̀ tó kìlómítà 13. Olúsosùn ní Ojota kò tó kìlómítà 10 sí Pápákọ̀ Òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Pápákọ̀ ló sì kọ́kọ́ wà: ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ibùdó àwọn tó ń lọ sókè òkun, ọdún 1992 ni ààtàn bẹ̀rẹ̀.

FAAN ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lé ẹyẹ. Kí wọ́n ní lésà lọ́wọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ dára, kí wọ́n máa fi ìró pààrọ̀ rẹ̀ kó má baà mọ́ ẹyẹ lára. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi yẹ̀pẹ̀ bo ìdọ̀tí lójoojúmọ́, tí ìfun ẹran àti orí ẹja ọjà wa ṣì ń lọ sórí ilẹ̀ gbalasa, a dà bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ tí kò kó èèpo iṣu nílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ketu, Ikosi tàbí Mile 12, ẹ ka àwòdì tí ẹ bá rí ní aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, ká jọ wo wákàtí tí lésà lè wúlò àti wákàtí tó jẹ́ pé àwa aráàlú la ní iṣẹ́ láti ṣe.