Ọmọ Ilé Ni, Ṣùgbọ́n Ara Rẹ̀ Ò Tíì Mọ Ilé

Ìyá Àrẹ̀mọ ní Peckham,

O bi mí nípa aṣọ, o sì bi mí bóyá kí ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé àwọn òbí ọkọ rẹ ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. A óò débẹ̀. Gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tí mi ò lè gbójú fò. O ní nígbà tí o dábàá kí ẹ lọ gba oògùn ibà fún ọmọ ọdún kan àti oṣù 8 yìí, bàbá rẹ̀ dáhùn pé: "Ọmọ Ìbàdàn ni. Ooru ò ní ṣe é ní nǹkan, ẹ̀fọn ò ní ṣe é ní nǹkan." Ìwọ náà sì dákẹ́.

Ta ló sọ fún Bàbá Àrẹ̀mọ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí? Ọmọ ń jogún orúkọ, ó ń jogún oríkì àti ìdílé. Kò sẹ́ni tó ń jogún ibà tí bàbá rẹ̀ ti bá jà. Ẹni tó dàgbà n'Íbàdàn, àìmọye ìgbà ni ibà ti dá a dùbúlẹ̀ lọ́mọdé. Díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ fi mọ bó ṣe ń bá a jà, ibà ṣì lè mú un náà. Bó bá wá kúrò nílé fún ọdún púpọ̀, agbára náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bàbá Àrẹ̀mọ tó ti pẹ́ ní London gbọ́dọ̀ lo oògùn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọ tí ẹ̀fọn ilé ò tíì jẹ rí. Àwọn tó jẹ́ AS wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín agbára ibà kù láti ilẹ̀, ìyẹn náà ò sì ní kí ibà má mú wọn. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ewu tirẹ̀ tún ju ti ẹlòmíì lọ.

Nínú gbogbo ènìyàn tí ibà ń mú lágbàáyé, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà ní Nàìjíríà. Nínú ènìyàn 4 tí ó ń pa nílẹ̀ Áfíríkà, bíi 3 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọmọ onílé ni wọ́n. Inú ilé bàbá wọn ni ẹ̀fọn ti jẹ wọ́n.

Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ gbé ọmọ wọn wá láti Manchester síbi ìsìnkú ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn ò lo oògùn, wọn ò ta nẹ́ẹ̀tì, ọmọ sì ń ṣeré títí wọ́n fi padà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n délé ni ara rẹ̀ gbóná, tó ń bì, tí kò jẹun mọ́. Dókítà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní ọ̀fìnkìn ni, ìgbà òtútù kúkú ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé ni. Nígbà tó di òru ọjọ́ kẹta, gìrì gbé ọmọ. Ilé ìwòsàn mìíràn ni nọ́ọ̀sì kan ti bi ìyá rẹ̀ pé, "Níbo lẹ ti dé?" Ìbéèrè yẹn ló yọ ọmọ náà. Ó ti ń lọ síléèwé báyìí, àmọ́ ìyá rẹ̀ ṣì ń dìde lóru láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

Nítorí náà, bó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ gbéra, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìnàjò. Wọn á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, torí bó ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn tí yóò lò. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní atovaquone-proguanil ni wọ́n fún yín, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìnàjò lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ sì ni, títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá padà dé gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jáwọ́. Ẹ gba àjẹsára ibà pọ́njú pẹ̀lú, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni yẹ́lò káàdì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì olóògùn, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ tìmùtìmù yípo, torí ìrọ̀lẹ́ dé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ń jẹni. Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Nàìjíríà tí ẹ lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ooru náà ńkọ́? Oṣù Kejì sí oṣù Kẹta tí ẹ mú yìí ni ooru máa ń mú jù n'Íbàdàn. Ẹ ó bọ́ kóòtù lára ọmọ ní London. Bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ nínú bàálù, ẹ ti dé ibi tí ọ̀sán ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 35. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó gba irú ìyẹn mọ́ra. Ọmọ ọwọ́ kì í sì í làágùn tó àgbà. Torí náà, kò sí àbẹ̀wò kiri lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹbí tó bá fẹ́ rí ọmọ, kó wá sílé, lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa fún un ní omi sísè tó ti tutù, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Bí páńpásì rẹ̀ bá gbẹ fún wákàtí púpọ̀, tó ń sunkún tí omijé ò jáde, ẹ pò ORS fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìbáà jẹ́ búrẹ́dì lásán lẹ fẹ́ rà. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n tì lè fi bí ìwọ̀n 10 ròkè sí i.

Ẹ má sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Màmá tó tọ́ ọkọ rẹ nínú ooru yẹn mọ yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Á bọ́ aṣọ lára ọmọ, á tẹ́ ẹní fún un sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù. Bí iná bá lọ, á fi aṣọ tó ti rẹ sómi nù ún lọ́rùn àti abíyá, á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí oorun á fi gbé e lọ. Pe Màmá báyìí, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ta nẹ́ẹ̀tì sí yàrá." Inú wọn á dùn pé o fi iṣẹ́ rán wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pọn ọmọ, kí oòrùn ti wọ̀, jẹ́ kí wọ́n pọ̀n ọ́n.

Bàbá Àrẹ̀mọ, mo ti bá ọ wí tó. Mo mọ̀ pé ẹni tó bímọ sókèèrè máa ń bẹ̀rù kí ọmọ òun má di àlejò nílé bàbá rẹ̀. Kò ní di àlejò. Oògùn tó bá mu kò ní kí wọ́n má kì í.

Ìyá Àrẹ̀mọ, o tún bi mí bóyá kí ẹ sún ìrìnàjò yìí di ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé Bàbá àgbà ti pé ọdún 78, wọn ò sì tíì fojú kan ọmọ náà rí. Ẹ má sún un rárá. Ẹ múra dáadáa, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé.