Ta Ni Yóò Jogún Ìtẹ́? Ohun Tí Mò Ń Retí Nínú Crusader Kings Kẹrin

Lẹ́yìn ètò wa tó kọjá, àwọn kan nínú yín ní kí n ṣàlàyé géèmù tí mo mẹ́nu bà, èyí tí mo ní mò ń retí ẹ̀kẹrin rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún. Ó dáa, mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ̀kọ́ la wá kọ́ níbí, torí náà ojú géèmù la máa gbà wo ọ̀rọ̀ kan tó kan gbogbo ilé Yorùbá: ogún jíjẹ. Màá tún sọ ohun tí àìgbọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré fà fún èmi fúnra mi.

Géèmù wo gan-an?

Crusader Kings ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ Paradox, ní ìlú Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, ló ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 2004, èkejì ní 2012, ẹ̀kẹta ní oṣù Kẹsàn-án 2020. Ẹ kà á: ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́jọ. Tí wọ́n bá tún lo ọdún mẹ́jọ, ẹ̀kẹrin á bọ́ sí 2028. Iléeṣẹ́ náà ò bá mi ṣàdéhùn o. Ìṣirò tèmi ni, ìrètí sì ni.

Kì í ṣe géèmù ìbọn yíyìn, kì í ṣe ti mọ́tò sísá. Ẹ máa mú ọba tàbí ìjòyè kan ní ọdún 867, 1066 tàbí 1178, ẹ sì máa bá a lọ títí di 1453. Ẹ máa fẹ́yàwó, ẹ máa bímọ, ẹ máa gba owó orí, ẹ máa jagun, ẹ máa bẹ ìjòyè tó ń bínú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kú. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ikú ni òpin. Nínú èyí, bí ọba bá wàjà, ẹ̀yin lẹ máa di àrólé rẹ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè tí bàbá fi sílẹ̀. Ìgbà tí kò bá sí ẹnì kankan nínú ìran yín tó lè jogún nìkan ni géèmù máa parí. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mi ò tíì rí géèmù mìíràn tó gba òwe yẹn gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọmọ ń gbà lára òbí

Kọ̀ǹpútà ń fún gbogbo èèyàn inú géèmù yìí ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń ṣe: máàkì fún àjọṣe, fún ogun, fún àbójútó ọrọ̀, fún ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, àti fún ìmọ̀. Ó tún ń fún wọn ní ìwà. Bí ọ̀lawọ́ bá ń ṣe bí ahun, ọkàn rẹ̀ á wúwo, ìdààmú ọkàn yẹn sì lè ṣe é ní jàǹbá.

Àwọn nǹkan mìíràn ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ: ọpọlọ pípé, ẹwà, àìsàn. Bí ẹ bá ń fẹ́ ìbátan yín ṣáá kí oyè má baà jáde nílé, ẹ ó rí i lára àwọn ọmọ. Géèmù ò parọ́ níbí. Ọmọ ń gba ìdajì jíìnì rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ìdajì lọ́wọ́ ìyá. Jíìnì tó léwu lè fara pamọ́ sára òbí láìṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí ọmọ bá gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni wàhálà ń dé. Ẹ̀yin tí wọ́n ti bi léèrè pé "Kí ni jínótáìpù rẹ?" kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ ti mọ ìṣirò náà: bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Àwọn ìbátan ló sì máa ń ní irú jíìnì kan náà jù, torí bàbá ńlá kan náà ló fún wọn.

Ẹ wo Charles Kejì, ọba Spéènì. Àwọn ará ilé Habsburg tó bí i ti ń fẹ́ ìbátan ara wọn láti ìran dé ìran. Ní 2009, àwọn onímọ̀ jíìnì tú ìtàn ìdílé rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n sì rí i pé àwọn òbí rẹ̀ súnmọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó kú ní 1700 láìbímọ. Ní 1701, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù lórí ẹni tó máa gorí ìtẹ́ rẹ̀, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó rọlẹ̀.

Ọba kan, ọmọkùnrin mẹ́ta

Ireland ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni géèmù ti ń kọ́ ẹni tuntun. Mo fi ọ̀pọ̀ òru so àwọn ìlú kéékèèké pọ̀ títí mo fi di ọba gbogbo erékùṣù náà. Inú mi dùn ju ẹni tó gba owó oṣù lọ. Ni ọba mi bá kú. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti pín ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni wọ́n dé adé fún lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó ń mówó wọlé ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn àbúrò mi, wọ́n sì ń dìtẹ̀.

Ìpínkárí ni òfin yẹn, ọ̀pọ̀ ìjọba inú géèmù ló sì ń fi í bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé náà. Nígbà tí Louis, ọmọ Charlemagne, kú ní 840, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta bára wọn jà, wọ́n sì pín ìjọba náà sí mẹ́ta ní Verdun ní 843. Òfin kejì ni pé kí àkọ́bí kó gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ń pa ilẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ń bí àwọn àbúrò nínú, ọ̀dọ̀ lè jẹ́ àkọ́bí náà. Òfin kẹta ni pé kí àwọn ìjòyè yan ẹni tó wù wọ́n. Ìyẹn ń jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó dáńtọ́ mú, àmọ́ ẹ ó máa bẹ wọ́n, ẹ ó máa fún wọn lẹ́bùn, títí ẹ ó fi kú.

Ìdí-igi àti orí-ò-jorí

Alẹ́ ọjọ́ tí ìjọba mi pín yẹn, mo bi ara mi pé: àwa Yorùbá ńkọ́? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí bí a ṣe ń pín ogún, mo sì pàdé ọ̀rọ̀ méjì kan.

Ìdí-igi ni àkọ́kọ́. Ẹ ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan sí igi kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí igi náà. Iye igi ni wọ́n máa fi pín ogún ná, kì í ṣe iye ọmọ. Orí-ò-jorí ni èkejì: orí kan ò ju orí kan lọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàbá kan ní plọ́ọ̀tì ilẹ̀ 40 àti ìyàwó méjì. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí mẹ́rin. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, igi kọ̀ọ̀kan gba 20: ọmọ ìyálé nìkan kó 20, àwọn mẹ́rin yòókù gba 5-5. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ márààrún gba 8-8. Ilẹ̀ kan náà, bàbá kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló mú kí ẹnì kan gba 20 dípò 8.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí. Ẹjọ́ Dáńmọ́lé àti Dáwódù, láti Èkó, lọ títí dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní London ní 1962. Ìdájọ́ náà ni pé ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí wọ́n á ṣe pín in, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí.

Bí mo ṣe kà á débẹ̀, ara mi tutù. Bàbá mi kú ní 2018, ó fi ilé kan àti ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ìyá kékeré bí mẹ́rin. Leeds ni mo wà nígbà tí àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, pè mí lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìjìnlẹ̀ Yorùbá ni. Wọ́n wá ní, "Ṣé ìdí-igi ni ká fi pín in, tàbí orí-ò-jorí?" Mi ò gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ojú tì mí láti bi wọ́n. Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹ ṣe wí, sà."

Wọ́n pín in ní ìdí-igi. Láti ìgbà náà, àwọn àbúrò mi ò pè mí mọ́. Mo rò pé owó tí mi ò fi ránṣẹ́ ló ń bí wọn nínú. Ó lé ní ọdún méjì kí géèmù àwọn òyìnbó tó jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe.

Mo pe àbúrò mi obìnrin lọ́jọ́ kejì.

"Àbúrò mi, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi mí lọ́jọ́ yẹn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n bi yín o. Ẹ̀yin lẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni."

"Ẹ ò wá lè bi wọ́n? Àwa rò pé ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni."

A ti padà sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Ilẹ̀ ti di orí-ò-jorí. Ti ilé, a ṣì ń sọ ọ́. Àmọ́ ó ń pè mí báyìí.

Ìtẹ́ kì í ṣe ilẹ̀

Nínú Crusader Kings ẹ̀kẹta, Ifẹ̀ wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ó sì yẹ kó wà: àárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Ifẹ̀ ń dá orí idẹ tó lókìkí, irú èyí tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Nígbà tí mo fi Ifẹ̀ ṣeré, ilẹ̀ ọba pín fún àwọn ọmọ gẹ́lẹ́ bíi ti Ireland. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa, oyè ọba kì í ṣe plọ́ọ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìdílé ọba máa ń ju ẹyọ kan lọ, oyè máa ń yí láti ìdílé kan sí èkejì, àwọn afọbajẹ ló sì ń yan ọba lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi Ifá.

Ẹ wo Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ló ń yan Aláàfin. Fún ìgbà pípẹ́, Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba, máa ń bá bàbá rẹ̀ kú ni. Aláàfin Àtìbà pa àṣà yẹn tì, ó fẹ́ kí ọmọ òun Adélù jọba. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, ó ní àṣà kọ́ nìyẹn. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ó sì pa ìlú náà run ní 1862. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yí òfin ogún padà nínú géèmù yìí tí ìjòyè wá gbé idà máa mọ ìtàn yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ohun mẹ́ta tí mò ń retí

Àkọ́kọ́, oyè tó ń yí láàárín ìdílé ọba. Bí ọba mi bá wàjà, kí oyè lọ sí ìdílé mìíràn, kí n sì máa retí ìgbà tó máa kàn wá, kí n máa wá ojú rere afọbajẹ. Ó ṣeé ṣe: láti 2024, àfikún tí wọ́n ń pè ní Roads to Power ti jẹ́ kí ẹni tí kò ní ilẹ̀ máa bá géèmù lọ.

Ìkejì, kí géèmù ka ìyá. Ó gbà kí ọba fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, àmọ́ tó bá di ogún pínpín, ọmọ bàbá ni gbogbo wọn. Ìdí-igi máa jẹ́ kí olórí ro ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́nà mìíràn pátápátá.

Ìkẹta ló jẹ mí lọ́kàn jù. Láti 2022, olórí inú géèmù lè kọ́ èdè ẹlòmíràn, àwọn tó ń sọ èdè náà á sì túbọ̀ gba tiẹ̀. Ó dára. Àmọ́ kí wọ́n fi òdìkejì rẹ̀ kún un: kí ọba tí kò gbọ́ èdè sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí kò yé e, kí ó sì jìyà rẹ̀ fún ọdún méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, ẹ ò nílò láti dúró di 2028. Ọ̀pọ̀ òfin inú ẹ̀kẹta wà nínú fáìlì tí èèyàn lè ṣí, kà, kó sì tún kọ. Ẹ gbìyànjú ìdí-igi wò.

Ọ̀rọ̀ fún ìdánrawò

Àrólé: ẹni tó máa jogún tàbí tó máa rọ́pò ẹni tó kú.
Afọbajẹ: àwọn ìjòyè tó ń yan ọba.
Wàjà: ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ikú ọba, a kì í sọ pé ọba Yorùbá kú.
Olórí ẹbí: àgbà tó ń dárí ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ìbéèrè: Bàbá kan fi plọ́ọ̀tì 60 sílẹ̀ fún ìyàwó mẹ́ta. Àkọ́kọ́ bí méjì, ìkejì bí mẹ́rin, ìkẹta bí mẹ́rin. Mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà ní ìdí-igi? Mélòó ní orí-ò-jorí? Lẹ́yìn náà, ẹ pe àgbà kan nílé, kí ẹ bi í léèrè irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹbí yín. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Kò sí àgbà tó máa fi ìyẹn bínú sí yín.

Ó dìgbà o.