Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Aromọléegun, Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ipò Ẹni



Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń yan ẹja létí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ìpàdé. Kò san owó tó yá pé mọ́. A bu owó ìtanràn lé e. Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀lẹ ni. Àṣé ìyá náà kì í lè ká ìka kò láàárọ̀! Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí títí dòní.

Aromọléegun tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ogbó. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló kọjú ìjà sí oríkèé ara. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ó ń mú obìnrin tó ìlọ́po mẹ́ta ọkùnrin. Bí oríkèé ìka ọwọ́ méjèèjì bá wú, tí ọwọ́ ń le fún wákàtí kan láàárọ̀, tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ní 1993, àwọn oníṣègùn kọ ọ́ pé àwọn yẹ nǹkan bí 2,000 ènìyàn wò ní ìgbèríko Nàìjíríà, àwọn kò rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ní 2010, Dókítà Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó kọ̀wé lórí 200 aláìsàn. Ẹ má pè é ní àìsàn òyìnbó mọ́. Ní Sweden, ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 fi hàn pé ó ń mú òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí kò kàwé púpọ̀ ju ọ̀mọ̀wé lọ. Sìgá àti eruku òkúta wà lára ohun tó ń fà á.

Akọ̀wé ọ́fíìsì lè rọra jókòó títí ọwọ́ yóò fi rọ̀. Ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, tó ń fọ́ àgbọn tàbí tó ń hun ẹní ńkọ́? Ọwọ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dúró, owó dúró. Bí owó bá dúró, ìtọ́jú á pẹ́. Bí ìtọ́jú bá pẹ́, ìka á wọ́. Oògùn tó ń dá a dúró wà, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

A ti fagi lé owó ìtanràn ìyá náà, a sì sún ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ síwájú. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Ta ni a ti pè ní ọ̀lẹ láìbi í léèrè?
2. Báwo la ṣe lè ran ẹni tí ọwọ́ ń dùn lọ́wọ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́