ÌKA TÓ ṢẸ̀ NI ỌBA Ń GÉ
Ẹ̀kọ́ lórí òwò, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìjọba aninilára

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ìbéèrè kan tí ó kan gbogbo ẹni tí ń rà tí ń tà. Bí alágbára kan bá gorí ìjọba, tí ó ń ti ènìyàn mọ́lé, tí ó sì ń pa wọ́n, ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù máa bá a ṣòwò? Bí wọn kò bá ní bá a ṣòwò mọ́, ta ni ó yẹ kí ìyà náà jẹ?

Abuja tí a tẹ̀dó sí yìí ti rí ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ náà. Ní 1995, ìjọba tí ó fi ibí ṣe ibùjókòó ni ayé ń bá wí. Ní 2023, ibí kan náà ni wọ́n jókòó sí láti fi ìyà jẹ ìjọba mìíràn. Kí a tó wo méjèèjì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

1. Ọkà Yamamah

Thumamah ọmọ Uthal jẹ́ olórí ní Yamamah, níbi tí àwọn ará Mọ́kà ti ń ra ọkà. Wọ́n mú un lóǹdè wá sí Mọ̀dínà, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni ó gba Ìsìláàmù. Nígbà tí ó dé Mọ́kà fún Úmúrà, àwọn Kùráéṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ tuntun. Ó búra pé hóró ọkà kan kò ní ti Yamamah wá sọ́dọ̀ wọn mọ́, àfi bí Ànábì bá yọ̀ǹda. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi dé bá Mọ́kà, wọ́n kọ̀wé sí Ànábì, wọ́n fi okùn ẹbí bẹ̀ ẹ́.

Ẹ rántí pé àwọn Kùráéṣì yìí náà ni wọ́n ti kọ̀ láti bá ìdílé Ànábì rà tàbí tà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Síbẹ̀, ó kọ̀wé sí Thumamah pé kí ó jẹ́ kí ọkà kọjá. Kò sọ pé ìwà Kùráéṣì dára. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ebi aláìṣẹ̀ di ohun ìjà. Súúrà 6, áyà 164, kọ́ wa pé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kò sí lórí ẹlòmíràn. Àwọn baba wa náà ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

2. 1995: wọn kò kan ìka tó ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Lọ́jọ́ kejì, àwọn olórí Commonwealth tó ń ṣèpàdé ní Auckland dá Nàìjíríà dúró nínú ẹgbẹ́ wọn. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní àwọn kò ní ta ohun ìjà fún ìjọba náà, wọ́n sì fi físà du àwọn aláṣẹ rẹ̀. Nelson Mandela pè fún kí ayé má ra epo rọ̀bì Nàìjíríà mọ́. Wọn kò gbà. Epo yìí ni agbára ìjọba náà, Amẹ́ríkà tó ń bá a wí sì ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Nínú oṣù kejìlá ọdún náà gan-an ni Shell àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ gáàsì Bonny.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí wọn kò bá ra epo, mẹ̀kúnnù náà ìbá jìyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun ńkọ́? Títi irú àpótí bẹ́ẹ̀ pa kò lè pa ọmọ ẹnikẹ́ni lébi. Ọdún 1999, lẹ́yìn tí Abacha ti kú, ni Switzerland tó ti owó náà pa. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó dá ohun tí ó lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là padà. Ní 2020, ohun tí ó lé ní 311 mílíọ̀nù tún ti Amẹ́ríkà àti erékùṣù Jersey wá, iṣẹ́ ọ̀nà Abuja sí Kano sì wà lára ohun tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Kí owó tó padà, Olóyè M.K.O. Abiola ti kú sí àtìmọ́lé ní Abuja níbí, ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998.

3. 2023: wọ́n gé ìka tí kò ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ní Niger ti Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani sì gba ipò. Ní ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Abuja lábẹ́ Ààrẹ Bola Tinubu. Wọ́n ti ibodè, wọ́n dá òwò dúró, wọ́n sì ti owó Niger pa ní àwọn báńkì ẹkùn wa. Nàìjíríà tún pa iná mọ̀nàmọ́ná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí wọn, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ.

Ta ni ó jìyà rẹ̀? Ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ súà ní Malanville, létí odò Ọya ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìrẹsì gbówó lórí ní Niamey. Ẹni tó ń ta omi dídì kò rí iná lò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ní ààfin kì í mọ̀ pé iná lọ. Ó kan àwọn tiwa náà: ní Jibiya àti Illela, òwò màlúù àti àlùbọ́sà dẹnu kọlẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2024, ECOWAS pàdé ní Abuja, wọ́n sì tú òfin náà ká. Oṣù Ràmàdánì tó ń bọ̀ wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Bazoum ṣì wà ní àtìmọ́lé nígbà náà. Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ń kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì kúrò ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n búra fún Tchiani fún ọdún márùn-ún.

4. Ohun tí a rí dì mú

(a) Súúrà 5, áyà 2, kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún aninilára, kí a má sì bá a tọ́jú owó ìlú tí ó jí.

(b) Oúnjẹ, oògùn àti iná kì í ṣe ti aninilára. Ti àwọn tí ó ń ni lára ni. Kí wọ́n máa kọjá.

(d) Ìbáwí tí kò kan àpò ẹlẹ́ṣẹ̀, ariwo lásán ni. Ìyà tí ó kan ìkòkò ọbẹ̀ aláìṣẹ̀, ìnilára kejì ni.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọkà Yamamah àti epo rọ̀bì 1995?
2. Ìwọ oníṣòwò, bí o bá mọ̀ pé ọjà tí wọ́n gbé wá fún ọ, ìnilára ni wọ́n fi rí i, kí ni ìwọ yóò ṣe?
3. Bí o bá wà ní ìpàdé Abuja ní 2023, èwo nínú àwọn ìjìyà náà ni ìwọ ìbá fi sílẹ̀, èwo ni ìwọ ìbá mú kúrò?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òṣùwọ̀n wa gún, nínú ìsọ̀ wa àti nínú ìdájọ́ wa. Àmín.