Ohun Tí A Yà Sọ́tọ̀, Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Ọ?

Ìwé kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12, ẹsẹ 4 sí 18

Ní àkókò ọdún àyájọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, òwe kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olùbánisọ̀rọ̀: wọn a ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n odò tí kò gbàgbé orísun rẹ̀ pẹ̀lú lè gbẹ, bí àwọn tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ bá ń fa omi rẹ̀ tí kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Nípa irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa pé ogún ọdún tí a ti jáde, a dá owó jọ, a sì gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. A gbàdúrà sí i, a yà á sí mímọ́, a ya fọ́tò, a tú ká. A fi ẹnu sọ pé omi náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti fún àwọn ìyá ọlọ́jà àdúgbò. Nígbà tí díẹ̀ nínú wa padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọkọ̀ táńkà àwọn tí ń ta omi ni a bá níbẹ̀ tí ó ń gba omi sínú, àwọn ọmọ sì gbé garawa lérí, wọ́n ń lọ sódò. Inú bí wa. A béèrè ẹni tí ó fún wọn láyè, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn, nítorí a kò fi ẹnikẹ́ni ṣe olùṣọ́. Kò sí ìwé, kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ jíhìn. Àwa tí a yà á sí mímọ́ náà ni a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé.

Àpótí Jèhóíádà

Jèhóáṣì ọba mọ irú ìjákulẹ̀ yìí. Ó pàṣẹ kí àwọn àlùfáà máa gba owó ohun mímọ́ tí àwọn ènìyàn ń mú wá sí ilé Olúwa, kí wọn sì fi tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ilé náà ṣì wà bí ó ti wà. Bíbélì kò sọ pé wọ́n jí owó náà. Iṣẹ́ kàn kò di ṣíṣe ni. Nígbà náà ni Jèhóíádà àlùfáà dá ihò sí ìdérí àpótí kan, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Bí owó inú rẹ̀ bá ti pọ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà a jọ wá kà á. Ẹ kíyèsí i pé ènìyàn méjì ni, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, èkejì láti ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí ni a tó gbẹ́kẹ̀lé àwọn olórí òṣìṣẹ́ débi pé a kò bi wọ́n ní ìṣirò mọ́.

Ní ayé òde òní, ìjọba kan wà tí ó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni ó wà nínú tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ìtàn rẹ̀ sì la ojú wa sí ohun tí kànga wa ṣaláìní.

Ìpín odò

Ilẹ̀ olókè ni Colorado, òjò kò pọ̀ níbẹ̀, òjò dídì tí ó ń yọ́ lórí òkè sì ni orísun èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi odò wọn. Láti ìgbà àwọn awakùsà àti àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ni òfin wọn ti sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ fa omi odò kan lọ ṣe iṣẹ́ tí ó wúlò ni ó ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí i. Bí ọ̀dá bá dé, ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1890 a gba tirẹ̀ pé kí ẹni 1950 tó bu ẹ̀kán kan. Ẹni tí ó bá sì pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ tì fún ìgbà pípẹ́ lè pàdánù rẹ̀.

Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, odò fúnra rẹ̀ kò ní ìpín. Bí ẹnì kan bá fi omi sílẹ̀ kí ó máa ṣàn nítorí ẹja àti igi etí bèbè, ẹlòmíràn lè fà á nísàlẹ̀. Odò lè gbẹ pátápátá láìsí pé ẹnikẹ́ni rú òfin.

Ní 1973, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà yí èyí padà. Wọ́n fún ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń tọ́jú omi, tí a ti dá sílẹ̀ ní 1937, ní àṣẹ láti gba ẹ̀tọ́ omi ní orúkọ gbogbo ará ìlú, kí omi náà lè dúró sínú odò. Àwọn kan pe ẹjọ́, wọ́n ní kò sí ẹ̀tọ́ níbi tí a kò ti fa omi jáde. Ní 1979, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Colorado dá ìgbìmọ̀ náà láre. Ìgbìmọ̀ yìí nìkan ni òfin gbà láyè láti ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àwọn odò tí ó sì ń ṣọ́ lónìí gùn lápapọ̀ ju 9,000 máìlì lọ.

Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ àtijọ́ pẹ̀lú lè fi í ta odò lọ́rẹ nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ náà. Ìlú Boulder ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1990, kí omi lè máa wà nínú odò Boulder Creek. Irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ṣe iyebíye, nítorí ẹ̀tọ́ tí ìgbìmọ̀ gbà fúnra rẹ̀ láti 1973 kéré lọ́jọ́ orí, kò lè dí ẹni 1890 lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ àtijọ́ a máa mú ọjọ́ orí rẹ̀ dání wá. Ilé ẹjọ́ omi ni yóò kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí ìyípadà má baà pa ẹlòmíràn lára. Lẹ́yìn náà ni ìṣọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọn omi sínú odò. Bí omi bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n tí a kọ, ìgbìmọ̀ lè ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń pín omi, kí wọ́n dá ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé lẹ́yìn dúró.

Nígbà tí olùṣọ́ kùnà

Odò kékeré kan wà nítòsí ìlú Aspen tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Snowmass Creek. Ìgbìmọ̀ ti gba ẹ̀tọ́ fún un, pé nǹkan bí 340 lítà omi gbọ́dọ̀ máa kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń pèsè omi fún ìlú ìgbafẹ́ kan níbẹ̀ ń fẹ́ omi sí i nígbà òtútù, láti fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di òjò dídì fún àwọn tí ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òkè. Ìgbà òtútù náà sì ni omi odò kéré jù. Ní 1992, ìgbìmọ̀ sọ pé ìṣirò àkọ́kọ́ ní àṣìṣe, ó sì dá a pinnu pé òun kò ní béèrè gbogbo omi náà mọ́. Kò padà sí ilé ẹjọ́ tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ náà.

Ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Aspen Wilderness Workshop, tí obìnrin mẹ́ta dá sílẹ̀ ní 1967, pe ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́. Ní 1995, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹgbẹ́ náà láre. Àwọn adájọ́ sọ pé ìríjú ni ìgbìmọ̀ jẹ́ fún gbogbo ará ìlú, kò sì lè dá ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ dín kù láìpadà sí ilé ẹjọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò àkọ́kọ́ ní àṣìṣe lóòótọ́. Bí ó bá ní i, gbangba ni kí a ti tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwé kíkà wa, nítorí a kò tíì kà á dé òpin. Nígbà tí Hásáẹ́lì ọba Síríà dojú kọ Jerúsálẹ́mù, Jèhóáṣì kan náà kó gbogbo ohun mímọ́ tí àwọn baba rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀, ó fi ránṣẹ́ sí i. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ogun wà lẹ́nu ibodè. Ṣùgbọ́n Bíbélì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bi í léèrè. Ìwé Kíróníkà sì jẹ́ kí a mọ̀ pé Jèhóíádà ti kú nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Èkíní, àdúrà ìyàsímímọ́ kò tó. Kí a kọ ìwọ̀n ohun tí a fi tọrẹ, àwọn tí ó wà fún, àti ẹni tí yóò máa kà á.

Èkejì, ó dára kí ìjọba tàbí ìgbìmọ̀ gba ìṣọ́ náà, nítorí agbára ẹnì kan kò ká a. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ kì í ṣe olóhun.

Ẹ̀kẹta, olùṣọ́ pẹ̀lú nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Bí àwọn ará Aspen bá dákẹ́ ni, òfin 1973 ìbá wà nínú ìwé, omi ìbá ti lọ.

Ẹgbẹ́ wa ti padà sí ìdí kànga náà. Ìwé ti wà: ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Kọ́kọ́rọ́ di méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ìyá ọlọ́jà kan a bá wa ka mítà. Ṣùgbọ́n àwa náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, iye wa sì ń dín kù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ó jáde lẹ́yìn wa, a bẹ̀ yín, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ wa kí Jèhóíádà tó kú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí ènìyàn méjì fi ń ka owó inú àpótí?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin títún àṣìṣe ṣe ní ìkọ̀kọ̀ àti títún un ṣe ní gbangba?
3. Ohun wo ni ẹgbẹ́ tìrẹ ti yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ yìí, ta sì ni ó ń ṣọ́ ọ lónìí?