Ẹ̀kọ́ Kejìdínlógún: Ọgbẹ́ Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín: iṣẹ́ abẹ, ọgbẹ́, ọyún, ìbọ̀wọ́, òwú, kòkòrò àìfojúrí, ìwádìí. A ó bá gbogbo wọn pàdé nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ìsàlẹ̀ òkè ni ilé rẹ̀ wà, ní ìhà Ìdáàṣà níhìn-ín, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Dassa-Zoumè lórí ìwé ìjọba, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Bàbá yìí ti ní ìpá fún ọdún pípẹ́. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ìpá náà á wọlé padà. Bí ó bá dìde tí ó ń kọ ebè, á tún jáde. Kò kà á sí. Ní ọjọ́ kan, ní àkókò ebè kíkọ, ìpá náà jáde, ó kọ̀, kò wọlé mọ́. Ó le bí òkúta. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run bàbá, ó ń bì. Wọ́n gbé e sórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà ní ìfun ló há síbẹ̀, àti pé apá kan nínú ìfun náà ti kú. Wọ́n la inú bàbá, wọ́n gé èyí tí ó kú kúrò, wọ́n rán èyí tí ó kù pọ̀. Bàbá yè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà sílé, gbogbo ẹbí yọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó wú. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, ọyún ń jáde níbẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ìyá wọn, owó wo ló kù lọ́wọ́ wa? Ẹ̀pà tí a fẹ́ gbìn nìkan ló kù nílé.”

“Ẹ̀pà ò lè gbin ara rẹ̀, bàbá wọn. Ẹni tó máa gbìn ín la fẹ́ wò sàn.”

Wọ́n ta ẹ̀pà náà. Bàbá tún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Òjò rọ̀ lórí ebè tí kò kọ tán, ó sì dá. Àwọn kan ní abúlé ní ọwọ́ aráyé ni. Àwọn mìíràn ní dókítà náà kò mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi tọ̀tún tòsì sílẹ̀ ná, kí á wo inú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀.

Kí ló ń sọ ọgbẹ́ di ọyún?

Kòkòrò àìfojúrí ni. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n wà lára awọ wa, wọ́n wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìfun ni wọ́n ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá wà nínú ìfun, wọn kì í sábà yọ wá lẹ́nu, nítorí ibẹ̀ ni ilé wọn. Bí wọ́n bá wá bọ́ sínú ẹran ara, ibẹ̀ ló máa di ọyún. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ tí ó kan ìfun fi léwu ju èyí tí kò kàn án lọ: ìpá tí ó há, ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí ó lu ìfun, àpẹ́ńdíìsì tí ó bẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2018, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Àwọn aláìsàn 12,539 ni wọ́n tẹ̀ lé, ní orílẹ̀-èdè 66. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún, wọ́n sì ń bojú tó ọgbẹ́ wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀, nínú 100 ènìyàn, ọgbẹ́ ènìyàn bíi 9 ló bàjẹ́. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà láàárín, 14 ni. Ní àwọn ilẹ̀ tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan, 23 ni. Ẹ wo 9, ẹ wo 23. Ẹnìkan lè sọ pé àwa la máa ń pẹ́ nílé kí á tó lọ sí ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni, a máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ìṣirò wọn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ ṣì wà.

Nítorí náà wọ́n bi ara wọn pé: kí ni a lè ṣe ní ilé ìwòsàn tí kò lówó púpọ̀, tí ọgbẹ́ kò fi ní bàjẹ́?

Òwú olówó gọbọi

Ilẹ̀ Benin wa yìí wà lára ilẹ̀ méje tí wọ́n ti wá ìdáhùn. Àwọn yòókù ni Nàìjíríà, Gánà, Rùwáńdà, Gúúsù Áfíríkà, Índíà àti Mẹ́síkò. Ìwádìí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2018. FALCON ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe orúkọ ẹyẹ kan tí ó jọ àṣá. (Èkejì, orúkọ ẹranko ni wọ́n tún fún un. Ó jọ pé àwọn dókítà wọ̀nyí fẹ́ràn ohun tí ó bá ń sáré.)

Òwú kan wà tí wọ́n rẹ sínú oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó fi rán ara ènìyàn. Ó wọ́n ju òwú lásán lọ. Oògùn kan sì tún wà tí wọ́n fi ń nu awọ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, chlorhexidine tí wọ́n pò mọ́ ọtí líle. Òun náà wọ́n ju oògùn áyódíìnì tí a ti mọ̀ tipẹ́ lọ. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba àwọn dókítà níyànjú pé kí wọ́n lo àwọn méjèèjì. Ǹjẹ́ wọ́n dára jù lóòótọ́ ní ilẹ̀ tiwa?

Aláìsàn 5,788 ní ilé ìwòsàn 54 ni wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2021, kò sí ìyàtọ̀ kan tí ó ṣe é gbọ́kàn lé. Yálà òwú olówó ńlá ni o, yálà òwú lásán ni o, ọgbẹ́ bíi 22 nínú 100 ló bàjẹ́. Ẹ má pe èyí ní àṣedànù. Ilé ìwòsàn tí ó bá mọ̀ pé òwú lásán kò burú ju èkejì lọ lè fi owó tí ó ṣẹ́ kù ra nǹkan mìíràn. Lójú tèmi, irú èsì báyìí níyì bí ti oògùn tuntun.

Ọwọ́ tí ó fọ ìfun

Ẹ gbọ́ ná. Bí ẹ bá pa ewúrẹ́ nílé, ẹni tí ó fọ ìfun rẹ̀, ṣé ọwọ́ kan náà ló máa fi yí iyán láìfọ̀ ọ́? Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà á la inú, á fọwọ́ kan ìfun, á gé, á rán. Bí ó bá parí ti inú, ìbọ̀wọ́ kan náà àti irinṣẹ́ kan náà ló sábà máa fi ń rán awọ pa dé. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó tíì fi ẹ̀rí tí ó tó hàn pé ó yẹ kí wọ́n yí i padà.

Ìwádìí kejì, tí wọ́n pè ní ChEETAh, wá ẹ̀rí náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ó parí ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ilẹ̀ méje kan náà. Ilé ìwòsàn 81 ló wà níbẹ̀, aláìsàn wọn sì jẹ́ 13,301, àgbà àti ọmọdé. Wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín àwọn ilé ìwòsàn. Apá kan ń bá iṣẹ́ lọ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní apá kejì, kí wọ́n tó rán inú pa dé, gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí aláìsàn máa bọ́ ìbọ̀wọ́ àtijọ́, wọ́n á wọ tuntun, wọ́n á sì mú irinṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti sè, tí wọ́n yà sọ́tọ̀.

Kí ni kèké wà fún? Ẹ̀yin àgbẹ̀ ló máa tètè mọ èyí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun dára, tí ẹ da ajílẹ̀ náà sí ilẹ̀ àbàtà tí ó lọ́ràá, tí ẹ sì gbin iṣu tí kò ní ajílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, iṣu ti àbàtà ló máa tóbi jù. Ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é, àbí ilẹ̀? Ẹ kò lè mọ̀. Kèké kì í ṣe ojúsàájú, kò sì mọ ilé ìwòsàn tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n béèrè ọgbẹ́ olúkúlùkù, yálà lójúkojú tàbí lórí tẹlifóònù. Níbi tí wọn kò ti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ọgbẹ́ 18.9 nínú 100 ló bàjẹ́, ká kúkú pè é ní 19. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, 16 ni. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni èsì náà jáde nínú The Lancet, ìwé tí àwọn dókítà kárí ayé ń kà.

Ẹlòmíràn á ní, “Ẹni mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún? Kí ló wà nínú ìyẹn?” Ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá wa ìsàlẹ̀ òkè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, á ti kọ ebè rẹ̀ tán, ẹ̀pà rẹ̀ á sì ti wà nínú ilẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe àrà, 16 ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan tí kò gba ẹ̀rọ ni, kò gba iná mànàmáná, kò sì gba pé kí dókítà lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun ní òkè òkun.

Ipa tiwa ńkọ́?

A kò lè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ ṣọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, wọ́n máa ń fún ẹbí ní ìwé kí wọ́n lọ ra nǹkan wá láti ilé oògùn. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ ka ìwé náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́: gants ni ìbọ̀wọ́, fil ni òwú. Bí ẹ bá rí i pé ìbọ̀wọ́ tí wọ́n kọ pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ má sáré sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ó lè jẹ́ tí àpààrọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ sì lè fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa fi rán awọ wà nínú rẹ̀?” Òwú ńkọ́? Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ èyí tí wọ́n kọ. Bí owó kò bá tó, ẹ bi dókítà bóyá òmíràn lè ṣe é.

Kí aláìsàn fi ọṣẹ wẹ̀ kí ó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, bí àyè bá wà. Kí ó má fi abẹ fífá fá irun ibi tí wọ́n fẹ́ là. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìmọ́tótó ni, ṣùgbọ́n abẹ máa ń fi ọgbẹ́ kéékèèké sí awọ, kòkòrò á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ẹ ka ọgbọ̀n ọjọ́ síwájú. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, bí ojú ọgbẹ́ bá gbóná, bí ó bá wú, bí ó bá ń rùn, bí ọyún bá ń jáde, bí ó bá là, tàbí bí ibà bá mú aláìsàn, ẹ padà síbi tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi eérú sí i, ẹ má fi ewé gígún tàbí epo sí i, ẹ má sì tú oògùn inú kápúsù dà sí i. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá pè lórí tẹlifóònù ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un, kódà bí ara bá ti yá. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló dé tí iṣẹ́ abẹ tí ó kan ìfun fi léwu jù?

2. Níbi tí wọn kò ti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ọgbẹ́ 189 ló bàjẹ́ nínú 1,000. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, 160 ni. Ènìyàn mélòó ló bọ́ nínú 1,000?

3. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá kan ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta. Ọjọ́ wo ni ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ máa pé?

4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ìyàwó bàbá àgbẹ̀ náà sọ fún ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ì bá ta ẹ̀pà náà? Ẹ bá ara yín jíròrò nínú kíláàsì.