Ìkànnì Ayélujára Tí Ó Fúyẹ́ Ni Ó Ń Dé Oko

Ní àwọn abúlé àti ìlú kékeré tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà àti Ìjàyè ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Akánran ní Ọ̀nà-Àrà, fóònù ti di irinṣẹ́ àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdá àti ọkọ́. Òun ni a fi ń béèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo èsì ìdánwò. Abájọ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ń fẹ́ ní ìkànnì tiwọn lórí ayélujára. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó ni ìkànnì ni ó ń di ẹrù, ẹni tí ó wá wò ó ni ó ń san owó aláàárù.

Ìkànnì jẹ́ ìwé tí a kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan, tí ó lè wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ orúkọ ìkànnì náà sínú fóònù rẹ̀, fóònù yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà, yóò sì kó ohun tí ó wà lójú ìwé náà wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà nìkan ni yóò kó. Àwòrán, fídíò tí ń ṣeré fúnra rẹ̀, lẹ́tà alárà ọ̀tọ̀, àti àwọn àṣẹ ìkọ̀kọ̀ tí ń ṣọ́ ẹni tí ó wọlé nítorí àwọn apolówó ọjà, gbogbo wọn ni ó ní ìwọ̀n. KB àti MB ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Nǹkan bí KB 1,000 ni ó wà nínú MB 1. Ọ̀rọ̀ kò wúwo: ojú ìwé kan tí ó kún fún Yorùbá kò tó KB 10. Ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù òde òní yà lè tó MB 4, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ọ̀rọ̀ inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oko bá jẹ́ 2G, tí ó ń gbé nǹkan bí KB 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìkànnì tí ojú ìwé rẹ̀ jẹ́ MB 2, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 3 kí ó tó ṣí tán. Èyí tí ó jẹ́ KB 60 yóò dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 5. Láàárín ìṣẹ́jú 3 yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, bátìrì lè kú, dátà tí ó sì ti lọ kò ní padà. Ní oṣù January 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi iye tí ó lè tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ọ̀rọ̀ náà kọjá sùúrù nìkan.

Ká ní ọjọ́ tí a óò pín ajílẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan kọ sórí ìkànnì rẹ̀, tí gbólóhùn kan ṣoṣo náà sì wà lábẹ́ àwòrán ńlá mẹ́fà ti alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìgboro ni yóò kọ́kọ́ rí i. Kí ìyá tí ó gbin ẹ̀gẹ́ ní oko tó rí i, ajílẹ̀ ti tán. Àwòrán alága kò sì lè wu ẹ̀gẹ́.

Ìkànnì àkọ́kọ́ ní àgbáyé, èyí tí Tim Berners-Lee ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN ní Switzerland, tí ó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1991, ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ṣì ṣeé kà lórí fóònù títí di òní. Ní oṣù September 2017, nígbà tí ìjì Irma ń bọ̀ wá sí Florida ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìròyìn CNN gbé ojú ìwé ọ̀rọ̀ nìkan jáde fún àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò lágbára. Nítòsí ilé, àjọ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ètò Akilimo, tí ń sọ ìwọ̀n ajílẹ̀ tí ó yẹ oko ẹ̀gẹ́ fún olóko. Wọn kò fi í mọ sórí fóònù nìkan. Wọ́n ṣe ti bébà pẹ̀lú.

Fún ẹgbẹ́ tí ń ta gàrí, ojú ìwé kan tó: orúkọ ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n ń tà, ibi tí wọ́n wà, ọjọ́ ọjà, nọ́ńbà fóònù, àti ọjọ́ tí a tún ìròyìn náà ṣe gbẹ̀yìn. Ìkéde pàtàkì ni kí ó wà lókè. Bí àwòrán bá di dandan, kí a dín in kù sí nǹkan bí KB 100. Ojú kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Kí a má sì ya ìwé ìkéde ní fọ́tò kí a wá gbé e síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe: ẹ̀rọ tí ń ka ìwé fún afọ́jú kò lè rí i kà dáradára, ó sì wúwo ju ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ náà ń kọ́? Ilé ńlá ni òjò ń rí ibi púpọ̀ wọ̀. Ìkànnì tí a fi onírúurú ohun èlò kún gbọ́dọ̀ máa rí àtúnṣe lóòrèkóòrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn olè orí ayélujára yóò gba ibẹ̀ wọlé, wọn yóò sì fi ìpolówó ẹ̀tàn síbẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́. Ojú ìwé ọ̀rọ̀ lásán kò ní ilẹ̀kùn púpọ̀. Orúkọ tí ó parí sí .ng, tí àjọ NiRA ń ṣàkóso, ń fẹ́ owó àsansọ. Bí a kò bá san án, ẹlòmíràn lè gba orúkọ náà. Nítorí náà, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí a fi forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wọn ṣe é.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó san owó tí ó kù fún oníṣẹ́, kí ó mú fóònù tí kò wọ́n lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti burú jù ní oko, kí ó ṣí ìkànnì náà níbẹ̀, kí ó sì máa ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó bá kọjá 10 kí ọ̀rọ̀ tó yọ, kí ó ní kí oníṣẹ́ náà lọ sọ ẹrù kalẹ̀.